Ọnọ́rébù Òkè àti Jáákà Ràmọ́nì

Bàbá mi àgbà kì í jókòó nínú bọ́ọ̀sì. Ó yẹ kí n ṣọ́ ọ̀rọ̀ náà sọ: kì í ṣe gbogbo bọ́ọ̀sì tí wọ́n wọ̀ láyé ni mo bá wọn wọ̀. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú ní Peckham, ní Lọ́ńdọ̀nù, gbogbo ìgbà tí a bá jọ wọ bọ́ọ̀sì 63 lọ sí Elephant, ìdúró ni wọ́n máa ń wà, ọwọ́ kan lára irin, ọwọ́ kejì lẹ́yìn, ojú wọn níta bí ẹni tó fẹ́ bọ́ sílẹ̀ ní ibùdókọ̀ tó kàn. Àwọn èèyàn á dìde fún wọn. "Bàbá, ẹ jókòó." Wọ́n á dúpẹ́, wọn ò ní jókòó. Àga á wà lófo nínú bọ́ọ̀sì tó kún, kò sì sẹ́ni tó máa fẹ́ jókòó sórí rẹ̀ níṣojú àgbàlagbà tó wà ní ìdúró. Ojú á máa tì mí.

Lọ́jọ́ kan mo bi wọ́n bóyá orúnkún ló ń dùn wọ́n. Wọ́n ní orúnkún wọn kò ní ẹjọ́ kankan. "Àbẹ̀kẹ́, níbi tí mo ti ṣiṣẹ́, ẹni tó bá jókòó kò ní ọ̀rọ̀ láti sọ."

Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin ìpínlẹ̀ wa ni wọ́n ń sọ. Wọ́n ti ṣe síkọ́rítì fún ọ̀pọ̀ ọdún ní Lọ́ńdọ̀nù nígbà tí mo mọ̀ wọ́n, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ní "níbi tí mo ti ṣiṣẹ́", wọn kì í ní ilé gíga tí wọ́n ṣọ́ lẹ́bàá Elephant lọ́kàn.

Wọ́n ti lọ báyìí. A sin wọ́n síbí, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe fẹ́, ní kété tí ọsibítù yọ̀ǹda wọn fún wa. Láti ìgbà náà ni èmi náà kò ti lè jókòó pẹ́. Mo máa bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ìlà kan, mo máa dìde, mo máa lọ sẹ́nu fèrèsé, mo máa padà wá pa ìlà náà rẹ́. Ohun tí kò jẹ́ kí n fara balẹ̀ kì í ṣe ikú wọn nìkan. Àbá kan wà tí wọ́n dá láti ìgbà ọ̀dọ́ wọn tí ẹnikẹ́ni kò kín lẹ́yìn. Kí fìdáù, àdúrà ọjọ́ kẹjọ òkú, tó pé, àwa ará ilé ní láti mọ̀ bóyá àbá náà yóò bá wọn wọ sàréè.

Ohun tó dá mi lójú nípa ìgbésí ayé wọn kò pọ̀. Wọ́n wọ iṣẹ́ ṣọ́jà nígbà tí wọ́n ṣì kéré. Wọ́n ja ogun abẹ́lé. Wọ́n padà sí ìlú wa, àwọn ará ìlú fẹ́ràn ẹnu wọn, nígbà tí ìjọba alágbádá sì padà dé, wọ́n dìbò yàn wọ́n lọ sí Ilé Aṣòfin. Ìjókòó náà kò pẹ́. Àwọn ológun tún gbàjọba, wọ́n ti ilẹ̀kùn Ilé pa. Bàbá máa ń fi èyí ṣẹ̀fẹ̀ fún àwọn ọ̀dọ́ tó bá pè wọ́n ní ọ̀gá ṣọ́jà: "Ṣọ́jà ló kọ́ mi ní ìdúró. Ṣọ́jà náà ló gbé àga lọ."

Ohun tí kò dá mi lójú pọ̀ ju ìyẹn lọ. Mọ́mì mi, tó jẹ́ ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, gbà pé Bàbá gbé èèyàn tó fara gbọgbẹ́ kọjá odò kan lójú ogun. Ọ́ńkù kan láti ìlú wa ní èèyàn méjì ni, ọ̀kan ní èjìká ọ̀tún, ọ̀kan ní òsì. Mo wo Bàbá, mo wo ìwọ̀n èjìká wọn, mi ò lè gba ti méjì yẹn. Mo wá bi wọ́n lójúkojú. Wọn ò sọ pé ọ̀kan, wọn ò sọ pé méjì. Wọ́n kàn ní, "Omi náà kò jìn."

Nílé wa, ẹnikẹ́ni kì í kàn sọ pé kí a ṣe nǹkan. O máa dá a lábàá, ẹlòmíràn á kín ọ lẹ́yìn, a ó wá jíròrò, a ó sì dìbò. Bí Mọ́mì bá ní ẹ̀wà la máa jẹ, Bàbá á wo ojú mi: "Ta ló kín in lẹ́yìn?" Ebi tó ń pa mí ló máa ń dáhùn. Ìgbà tí mo ṣì wà ní pírámárì, mo dá a lábàá pé ká ra ológbò. Mo dìde dáadáa, mo sọ ìdí mi, mo sọ iye ìgbà tí màá máa fọ àwo rẹ̀. Bàbá gbọ́ mi títí dé òpin, wọ́n wá béèrè ta ló kín in lẹ́yìn. Mọ́mì ń bó ọ̀gẹ̀dẹ̀, kò gbójú sókè.

"Àbá ti kú," Bàbá sọ.

Mo bú sẹ́kún. Mo ní wọn ò fẹ́ràn mi, ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ mi ò fi dáa lójú wọn. Bàbá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ títí ojú wọn fi dọ́gba pẹ̀lú tèmi. "Ta ló sọ pé ọ̀rọ̀ rẹ ò dáa? A ò tíì gbọ́ ọ ni. Àbá tí wọn ò kín lẹ́yìn, wọn ò kọ̀ ọ́ o, Àbẹ̀kẹ́. Wọn ò gbọ́ ọ ni. Ìyẹn ló ń dunni jù."

Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ ológbò ni wọ́n ń sọ.

Ọnọ́rébù méjì ló wà ní ẹ̀sítéètì wa. Bàbá wà pẹ̀lú wa ní àjà karùn-ún. Bàbá Múfú, tí orúkọ wọn ń jẹ́ Múfútáù, wà ní ìsàlẹ̀ pátápátá, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí àwọn ọmọdé ti ń gbá bọ́ọ̀lù. Ìlú kan náà ni wọ́n ti wá. Àwọn méjèèjì jọ wà ní Ilé Aṣòfin ni, wọ́n sì jọ bá ara wọn ní Peckham lẹ́yìn tí Ilé tú ká. Ìyá Ìdáyàt tó ń ta ẹja ní Rye Lane ló sọ wọ́n ní Ọnọ́rébù Òkè àti Ọnọ́rébù Ìsàlẹ̀, orúkọ náà sì mọ́ wọn lára. Ó fẹ́ràn láti máa dá ìjà sílẹ̀ láàrin wọn.

"Ọnọ́rébù Òkè, Ọnọ́rébù Ìsàlẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò níbí o. Wọ́n ní kí n má ta orí ẹja fún yín mọ́, pé ó ti ń mú yín gbọ́n jù."

"Ṣé ó dá a lábàá ni?"

"Wọ́n dá a lábàá, sà. Gbogbo ṣọ́ọ̀bù ló gbọ́."

"Ta ló kín in lẹ́yìn?"

"Kò sẹ́ni tó kín in lẹ́yìn, sà."

"Ó dáa. Gé orí ẹja fún mi."

Ẹni tó bá gbọ́ wọn níbẹ̀ á rò pé eré ni gbogbo rẹ̀. Èmi náà rò bẹ́ẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Bàbá Múfú kì í pe Bàbá lórúkọ, "Ẹ̀gbọ́n" ni wọ́n máa ń pè wọ́n, àní bí inú bá ń bí wọn. Bí ọ̀kan bá ń ṣàìsàn, èkejì á fi ọbẹ̀ ránṣẹ́. Ṣùgbọ́n níbi fìdáù, àwọn méjèèjì kì í jọ bá àdúrà dé òpin.

Àṣà wa ni pé kí Àfáà tó bẹ̀rẹ̀ àdúrà, yóò ní kí àwọn tó wà níbẹ̀ dárúkọ àwọn òkú tiwọn kí òun lè fi wọ́n kún un. Fìdáù ẹnikẹ́ni tó bá jẹ́, Bàbá á dìde, wọ́n á ní: "Ràmọ́nì, ọmọ Àlímọ́ọ̀tù." Bàbá Múfú á dìde, wọ́n á mú bàtà wọn lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á lọ. Nígbà tí mo wà ní kékeré, mo rò pé apá kan àdúrà ni: ẹni kan á pe orúkọ, ẹni kan á jáde. Mo tiẹ̀ bi Mọ́mì ìgbà tí yóò kan àwa náà láti jáde.

Ẹ̀gbọ́n Bàbá Múfú ni Ràmọ́nì, ọmọ ìyá, ọmọ bàbá. Òun àti Bàbá jọ wọṣẹ́ ṣọ́jà lọ́jọ́ kan náà. Bàbá padà dé láti ogun, Ràmọ́nì kò padà.

Mo ti bi Bàbá nípa ọjọ́ tí wọ́n rí Ràmọ́nì kẹ́yìn ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, nítorí mo fẹ́ mọ ohun tí wọ́n rí gan-an, yàtọ̀ sí ohun tí wọ́n gbà gbọ́. Mo mọ̀ pé ìbéèrè líle ni. Wọn kì í bínú sí i, ṣùgbọ́n wọn kì í lè jókòó dáhùn rẹ̀. Wọ́n á jáde lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn tó wà níwájú àwọn fíláàtì, wọ́n á máa rìn lọ rìn bọ̀, èmi á máa tẹ̀lé wọn.

"Ṣé ẹ rí i pé ó kú, Bàbá?"

"Mo rí i tó ṣubú."

"Ṣé ẹ padà lọ wò ó?"

"Wọ́n ní ká máa lọ. A ń lọ."

"Nígbà náà, ẹ ò lè sọ pé ẹ mọ̀."

Wọ́n dúró. Ọkọ̀ ojú irin ń kọjá lókèèrè. "Mo rí i tó ṣubú, Àbẹ̀kẹ́. Mi ò rí i tó dìde. Ìwọ tí o kàwé, pe ìyẹn ní ohun tó bá wù ọ́."

Mi ò rí orúkọ pè é. Títí dòní, mi ò tíì rí i.

Àbá tí mo ń sọ nìyí. Nígbà tí wọ́n wà ní Ilé Aṣòfin, Bàbá gbèrò pé kí ìjọba ìpínlẹ̀ wá ibi tí àwọn ọmọ wa tó jagun ṣubú sí, kí wọ́n sì kọ orúkọ wọn sára òkúta níbẹ̀. Wọ́n bá Bàbá Múfú sọ ọ́, ó dùn mọ́ Bàbá Múfú nínú, wọ́n fẹnu kò pé Bàbá Múfú ni yóò kín in lẹ́yìn. Ọjọ́ pé. Bàbá dìde, wọ́n dá àbá náà. Kí ọ̀rọ̀ náà lè wọ àwọn èèyàn lára, wọ́n fi orúkọ kan ṣe àpẹẹrẹ: "bíi Ràmọ́nì, ọmọ Àlímọ́ọ̀tù, ẹ̀gbọ́n ọmọ Ilé yìí." Wọ́n jókòó. Abẹnugan béèrè ta ló kín in lẹ́yìn.

Bàbá Múfú kò dìde.

Abẹnugan tún béèrè. Bàbá ní Bàbá Múfú ń wo bàtà ara wọn. Kò sẹ́ni tó dìde, Abẹnugan sì ní kí Ilé máa lọ sórí ọ̀rọ̀ tó kàn, tó jẹ́ ọ̀rọ̀ omi ẹ̀rọ.

Mo ti yẹ ìtàn yìí wò síwá sẹ́yìn. Bàbá Múfú nìkan kọ́ ló wà ní ìjókòó lọ́jọ́ náà. Ẹnikẹ́ni nínú gbogbo Ilé ì bá dìde, wọn ò dìde, bóyá nítorí pé kò sẹ́ni tó fẹ́ tún gbọ́ ọ̀rọ̀ ogun mọ́. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún Bàbá, mo ní ẹ̀bi náà pọ̀ ju ohun tí èèyàn kan lè dá gbé. Wọ́n ní, "Àwọn tó kù kì í ṣe ọmọ ìyá Ràmọ́nì."

Ṣùgbọ́n wọ́n fúnra wọn ló sọ ìdájì kejì ìtàn náà fún mi, láìsí pé mo béèrè. Ìgbà tí Ilé tú lọ́jọ́ náà, wọ́n lé Bàbá Múfú bá lẹ́bàá àtẹ̀gùn, wọ́n di ẹ̀wù wọn mú lọ́rùn. Bàbá Múfú kò jà. Wọ́n kàn ní, "Ẹ̀gbọ́n, ìyá mi ní rédíò."

Ìyá wọn, Àlímọ́ọ̀tù, ṣì ń retí Ràmọ́nì. Lópin ààwẹ̀ lọ́dọọdún, a máa ń yọ jáákà, ìyẹn oúnjẹ tí à ń wọ̀n fún aláìní nítorí orí kọ̀ọ̀kan tó wà láàyè nínú ilé. A kì í wọ̀n ọ́n fún òkú. Àlímọ́ọ̀tù ń wọn ti Ràmọ́nì. Ní gbogbo ọdún tí kò sí lẹ́tà, tí kò sí àbọ̀, ó ń wọn ọkà fún orí ọmọ rẹ̀. Bí Ilé bá ti gbọ́ àbá Bàbá, tí wọ́n jíròrò rẹ̀, tí rédíò sì gbé e, orúkọ Ràmọ́nì á ti dé etí rẹ̀ láàrin orúkọ àwọn òkú. Bàbá kò rò ó débẹ̀ kí wọ́n tó dárúkọ. Ṣé wọ́n gbà lẹ́yìn náà pé àwọn ṣi orúkọ náà sọ? Mi ò gbọ́ ọ lẹ́nu wọn rí, mi ò sì ní fi sí i lẹ́nu fún wọn.

Ìyá náà ti kú tipẹ́. Kó tó kú, ó ní kí Múfú má jẹ́ kí jáákà ẹ̀gbọ́n rẹ̀ já. Kò já. Ní mọ́sálásí wa níbí, owó ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń san, ó rọrùn bẹ́ẹ̀. Bàbá Múfú kì í sanwó. Wọ́n á gbé ìrẹsì wọn wá, wọ́n á wọ̀n ọ́n sínú ọ̀rá níṣojú gbogbo èèyàn: ọ̀rá kan fún ara wọn, nítorí ìyàwó wọn ti kú, àwọn ọmọ wọn sì ti wà ní ilé tiwọn. Lẹ́yìn náà, wọ́n á wọn ọ̀rá kejì. Bàbá á dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, wọ́n á máa wò wọ́n. Ọ̀kan ń pe Ràmọ́nì mọ́ òkú, èkejì ń wọn oúnjẹ fún un mọ́ alààyè. Bí wọ́n ṣe ń bá a lọ nìyẹn láti ọdún dé ọdún, láàrin àwọn èèyàn tí kò mọ ohun tí wọ́n ń wò.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ìpàdé àwọn ayálégbé, nítorí ibẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ rí irú èèyàn tí Bàbá jẹ́. Ọjọ́ Sátidé ni, nínú gbọ̀ngàn ẹ̀sítéètì. Bọ́ọ̀lù àwọn ọmọdé ti fọ́ fèrèsé Bàbá Múfú, Bàbá Múfú sì dìde, wọ́n ní kí kánsù ti géètì ibi ìṣeré náà pa. Gbogbo èèyàn ló ní ọmọ tó ń ṣeré níbẹ̀. Obìnrin òyìnbó tó ń darí ìpàdé béèrè bóyá ẹnikẹ́ni kín in lẹ́yìn. Ọwọ́ kankan kò lọ sókè. Mo wo ẹ̀yìn, níbi tí Bàbá dúró sí bí ìṣe wọn. Mo rò pé wọ́n á rẹ́rìn-ín. Ó tọ́ sí wọn láti rẹ́rìn-ín.

Bàbá na ọwọ́. "Mo kín in lẹ́yìn."

Bàbá Múfú yí padà gìrì bí ẹni tí wọ́n da omi tútù sí lẹ́yìn. Nítorí pé Bàbá ti kín in lẹ́yìn, wọ́n jẹ́ kí Bàbá Múfú ṣàlàyé. Wọ́n ṣàlàyé dáadáa, wọ́n sọ ti àwọn èérún gíláàsì tó wà lórí ẹní ìkírun wọn, àwọn kan mi orí. Lẹ́yìn náà ni Bàbá sọ̀rọ̀. Wọ́n ta ko àbá náà látòkè délẹ̀: àwọn ọmọ wọ̀nyí kò ní ibòmíràn, kí kánsù fi nẹ́ẹ̀tì irin bo fèrèsé. Wọ́n dìbò, àbá Bàbá Múfú ṣubú, ọwọ́ Bàbá sì wà lára àwọn ọwọ́ tó bì í ṣubú.

Níta, Bàbá Múfú dúró dè wọ́n. "Ẹ̀gbọ́n, kí lẹ wá kín mi lẹ́yìn fún?"

"Kí wọ́n lè gbọ́ ẹ."

"Ẹ sì dìbò lòdì sí mi!"

"Lẹ́yìn tí mo gbọ́ ẹ ni."

Lífítì ti bàjẹ́ lọ́jọ́ náà. Bí a ṣe ń gun àtẹ̀gùn lọ sókè, mo ń gbọ́ Bàbá tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín nínú ara wọn.

Ọdún kan wá dé tí Bàbá Múfú wà ní ọsibítù nígbà tí ààwẹ̀ ń parí lọ. Wọn ò mọ ẹni tó wọlé, wọn ò mọ ẹni tó jáde. Mo bá Bàbá lọ sí mọ́sálásí láti yọ jáákà. Wọ́n wọn ti Mọ́mì, wọ́n wọn tèmi, wọ́n wọn ti ara wọn. Mo ti ń di ẹnu àpò ìrẹsì nígbà tí wọ́n ní kí n dúró. Wọ́n wọn ọ̀rá kan: "Ti Múfú." Wọ́n tún ti ọwọ́ bọ inú ìrẹsì. Wọ́n wọn òmíràn. Wọn ò dárúkọ ẹni tó ni ín.

Mo mọ ẹni tó ni ín. Èèyàn tó ti pe Ràmọ́nì mọ́ òkú ní gbogbo ọjọ́ ayé mi ló ń wọn oúnjẹ alààyè fún un yìí. Mo bi wọ́n lójú ọ̀nà bóyá wọ́n ti yí èrò wọn padà.

"Bàbá, ṣé ẹ ti gbà pé ó wà láàyè ni?"

"Rárá o."

"Kí lẹ wá wọ̀n ọ́n fún?"

"Múfú kò lè dìde lọ́dún yìí." Wọ́n ń yára rìn, mò ń sáré tẹ̀lé wọn. "Mo kín in lẹ́yìn ni. Ẹni tó kín èèyàn lẹ́yìn kò ì tíì sọ pé òótọ́ ló ń sọ."

Wọ́n ní kí n má sọ fún ẹnikẹ́ni. Bàbá Múfú gbádùn, wọ́n padà sílé, wọ́n rò pé ọmọ àwọn ló wọn jáákà náà.

Ní oṣù tí Bàbá lò kẹ́yìn, wọ́n ní kí n gbé orí ibùsùn wọn sókè, ó kéré tán kí àwọn súnmọ́ ìdúró. Ọ̀sán ni, òjò ń rọ̀ lójú fèrèsé ọsibítù. Wọ́n ní, "Àbẹ̀kẹ́, tí mo bá lọ, ta ni yóò máa pe Ràmọ́nì?"

Mo mọ̀ pé wọ́n fẹ́ kí n ní "èmi ni". Ṣùgbọ́n mi ò mọ̀ bóyá Ràmọ́nì kú. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n rò ó.

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi dé. "Ilé ti sún àbá síwájú," wọ́n sọ.

Lẹ́yìn ìsìnkú, Mọ́mì bẹ̀rẹ̀ sí í rìn kiri inú ilé, ó ń gbé nǹkan láti ibì kan sí ibòmíràn. "Tí a bá pe orúkọ yẹn níbi fìdáù, Bàbá Múfú á dìde lọ. Àwọn nìkan ló kù ní ìlú yìí tó mọ bàbá mi ní ọ̀dọ́. Wọ́n á dìde lọ níbi fìdáù bàbá mi! Tí a ò bá sì pè é, a jẹ́ pé kò sẹ́ni tó máa pè é mọ́ láéláé." Ó gbé ìkòkò kan kalẹ̀, ó tún gbé e. "Ìwọ lo máa ń ronú. Ronú sí i."

Mo sọ̀kalẹ̀ lọ sí ọ̀dọ̀ Bàbá Múfú. Wọ́n ń wo bọ́ọ̀lù lórí tẹlifíṣọ̀n, wọn ò pa ohùn rẹ̀. Mo kúnlẹ̀, mo sọ ohun tó gbé mi wá. Wọ́n ní, "Ẹ pè é. Ilé yín ni. Èmi náà mọ ibi tí mo máa ń bọ́ bàtà mi sí."

Mo ní mo gbọ́. Mo fẹ́ dìde, mi ò lè dìde. Bàbá ní kí n má sọ fún ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n mo rò ó pé àṣírí náà jẹ́ ti àwọn méjèèjì, ọ̀kan nínú wọn sì ti lọ.

"Bàbá, ọdún tí ẹ wà ní ọsibítù nígbà ààwẹ̀, ta ló yọ jáákà yín?"

"Ọmọ mi ni. Kí ló dé?"

"Bàbá mi àgbà ni. Mo wà níbẹ̀."

Ojú wọn kò kúrò lára tẹlifíṣọ̀n. "Ẹ̀gbọ́n wọn tèmi?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Tèmi nìkan?"

"Ti ẹ̀yin méjèèjì, sà."

Wọ́n mú rìmóòtù, wọ́n sọ ohùn bọ́ọ̀lù náà di gíga, gíga débi pé èmi kì bá tí gbọ́ wọn tí wọ́n bá tiẹ̀ sọ̀rọ̀. Mo jáde.

Gbọ̀ngàn ẹ̀sítéètì kan náà la lò fún fìdáù. Àwọn ọkùnrin wà lọ́tùn-ún lórí ẹní, àwa obìnrin wà lósì, bàtà kún ẹnu ọ̀nà. Bàbá Múfú jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ bàtà wọn. Àfáà náà jẹ́ ọ̀dọ́, láti Bermondsey ni wọ́n ti pè é, kò mọ ìtàn ẹnikẹ́ni nínú wa. Ó ní kí á dárúkọ àwọn òkú wa. Mọ́mì dárúkọ ìyá rẹ̀. Ìyá Ìdáyàt dárúkọ ọkọ rẹ̀. Ó kan èmi. Mi ò kì í sọ̀rọ̀ láwùjọ, àwọn tó mọ̀ mí mọ̀ bẹ́ẹ̀. Mo dìde.

"Ràmọ́nì, ọmọ Àlímọ́ọ̀tù."

Mo gbọ́ ìró bàtà lẹ́nu ọ̀nà.

"Ìgbà wo ló kú?" Àfáà béèrè, bó ṣe ń béèrè lọ́wọ́ gbogbo èèyàn.

"A ò mọ̀, Àfáà."

"Ẹ ò mọ ìgbà tó kú?"

"A ò mọ̀ bóyá ó kú. Ogun ló lọ. Bàbá mi àgbà rí i tó ṣubú. Wọn ò rí i tó dìde. Ìyẹn nìkan ni mo lè jẹ́rìí sí."

Ọ̀rọ̀ náà rú Àfáà lójú. "Àǹtí mi, àdúrà òkú yàtọ̀ sí ti alààyè. Èwo ni kí n ṣe fún un?"

Mọ́mì na ọwọ́, ó di etí ìró mi mú, bí ẹni pé ó fẹ́ fà mí jókòó. Mi ò jókòó. Mo ń ronú nípa Ilé kan tí mi ò dé rí, ní ọ̀sán ọjọ́ tí Abẹnugan béèrè tó tún béèrè.

"Mo kín ọmọ yẹn lẹ́yìn."

Bàbá Múfú ni. Wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà, ẹsẹ̀ kan nínú bàtà, èkejì lórí símẹ́ǹtì. "Ti òkú ni kí ẹ ṣe, Àfáà."

"Kí lẹ jẹ́ sí i, Bàbá?"

"Ẹ̀gbọ́n mi ni. Ọmọ ìyá mi."

Àfáà tẹ́wọ́ àdúrà, gbogbo wa tẹ́wọ́. Ìyá Ìdáyàt fa àga kan lọ bá wọn, ó ń sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́: "Ọnọ́rébù Ìsàlẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó." Wọ́n mi orí. Bàtà kan, ẹsẹ̀ lásán kan, wọ́n dúró títí àdúrà fi parí, àga náà sì wà lófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn.

Nígbà tí àwọn èèyàn ń lọ, mo mú bàtà kejì wá fún wọn, mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí n bá wọn wọ̀ ọ́. Wọ́n fi ọwọ́ lé mi lórí kí wọ́n má bàa ṣubú.

"Àbẹ̀kẹ́," wọ́n sọ, "tí ààwẹ̀ bá dé, orí kan ni mo máa wọ̀n."